Ṣé ká máa gbé ìbínú mì náà ni wọ́n ń pè ní EQ?

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ọmọ ọdún 29 ni mí, mò ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì lójúmọmọ, mo sì tún ń ka ìwé másítà nírọ̀lẹ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀gá mi bẹnu àtẹ́ lu iṣẹ́ mi lójú gbogbo èèyàn nínú mítìn. Mo gbé e mì, mo rẹ́rìn-ín, mo ní 'ẹ ṣé sà'. Mi ò rántí nǹkan kan mọ́ nínú gbogbo ohun tí wọ́n sọ lẹ́yìn ìyẹn. Nígbà tó dọ̀sán, ọmọ tó wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa bi mí ní ìbéèrè kékeré kan, mo jágbe mọ́ ọn débi pé ó sunkún. Níléèwé ńkọ́, tó bá kàn mí láti sọ̀rọ̀ níwájú kíláàsì, ńṣe ni ẹnu mi máa ń wúwo bí òkúta. Ọ̀rẹ́ mi ní EQ mi, ìyẹn òye ìmọ̀lára, ló kéré. Ṣé wọ́n máa ń bí i mọ́ èèyàn ni àbí a lè kọ́ ọ? Kí sì ni kí n ṣe nípa ọmọ yẹn?"

Ìdáhùn:

Àbúrò mi, mo kí ẹ o. Lẹ́ẹ̀mẹta ni mo ka ohun tó o kọ yìí, ohun tó sì gbà mí lọ́kàn jù níbẹ̀ kì í ṣe igbe tó o jẹ́ mọ́ ọmọ ọlọ́mọ, ìyẹn burú lóòótọ́, a máa padà débẹ̀, ṣùgbọ́n gbólóhùn kan wà tó o sáré kọ tó o sì gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kọjá bíi pé kò já mọ́ nǹkan kan: "mo gbé e mì, mo rẹ́rìn-ín". Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. O rò pé ibẹ̀ lo ti ṣe dáadáa, pé ọ̀sán lo wá bà á jẹ́. Lójú tèmi o, àárọ̀ ló ti bà jẹ́, ọ̀sán kàn tú u fó ni.

Ọ̀pọ̀ wa gbà pé ẹni tó ní EQ ni ẹni tí kì í bínú, tàbí ẹni tó ń bínú táwọn èèyàn ò sì mọ̀. Ẹni jẹ́jẹ́, ẹlẹ́rìn-ín ẹ̀yẹ. Irọ́ ni jàre. Mo ti rí ẹni jẹ́jẹ́ tí kò mọ nǹkan kan nípa inú ara ẹ̀, tó jẹ́ pé ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ru sókè ló tó mọ̀ pé ìyà ń jẹ òun níbi iṣẹ́, mo sì ti rí aláriwo tó jẹ́ pé tó o bá wọlé tójú ẹ fà ro díẹ̀ báyìí, òun ló máa kọ́kọ́ rí i, á fà ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á ní kí ló dé. Tí wọ́n bá ní kí n mú ẹni tó ní òye ìmọ̀lára nínú àwọn méjèèjì, aláriwo yẹn ni màá mú.

Jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tá à ń sọ ná. Lọ́dún 1990, àwọn onímọ̀ nípa ìhùwà ẹ̀dá méjì ní Amẹ́ríkà, Peter Salovey àti John Mayer, kọ àpilẹ̀kọ kan tí wọ́n fi emotional intelligence (òye ìmọ̀lára, tí wọ́n wá ń pè ní EQ) ṣe àkọlé ẹ̀. Nígbà tí wọ́n wá tò ó dáadáa lọ́dún 1997, wọ́n ní nǹkan mẹ́rin ló pa pọ̀ di ọ̀kan: kéèyàn máa rí ìmọ̀lára nígbà tó bá ń bọ̀, yálà lára tiẹ̀ tàbí lójú ẹlòmíì, kó mọ bó ṣe lè fi ṣe ìrònú, kó mọ ohun tó fà á àti ibi tó máa já sí, kó wá mọ bó ṣe máa bójú tó o. Ṣé o rí i pé "kó gbé e mì" ò sí níbẹ̀? Ní 1995, Daniel Goleman gbé ìwé kan jáde lórí ọ̀rọ̀ náà, ìwé ọ̀hún sì tà wàràwàrà, bí gbogbo ọ́fíìsì ṣe gbé EQ sẹ́nu nìyẹn, táwọn kan ń pariwo pé ó ju ọpọlọ pípé lọ, pé òun ló ń sọ èèyàn di olówó, Mayer fúnra ẹ̀ tiẹ̀ ní láti kọ̀wé tako àsọdùn yẹn. Torí náà tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún ẹ pé EQ ẹ kéré, kọ́kọ́ bi í pé èwo nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ọ̀pọ̀ ìgbà ohun tí wọ́n ń sọ ò ju pé "o ò rọrùn fún mi" lọ.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká padà sínú mítìn yẹn. O ní o ò rántí ohun tí wọ́n sọ mọ́. Kì í ṣe pé orí ẹ ò pé o. Àwọn onímọ̀ kan ti wo irú nǹkan yìí dáadáa. James Gross àti Robert Levenson pe àwọn èèyàn jọ lọ́dún 1993, wọ́n fi fíìmù tó ń kó ìríra báni hàn wọ́n, wọ́n sọ fún apá kan pé kí wọ́n wò ó bó ṣe wù wọ́n, wọ́n sọ fún apá kejì pé kí wọ́n má jẹ́ kí nǹkan kan hàn lójú wọn rárá. Àwọn apá kejì yìí ṣe é lóòótọ́, ojú wọn dá, àmọ́ bó ṣe rí lára wọn ò dín kù, ara wọn sì ń ṣe wàhálà ju ti àwọn tó jẹ́ kó hàn lọ. Nígbà tó dọdún 2000, Gross àti Jane Richards tún wá rí i pé ẹni tó bá ń pa ìmọ̀lára mọ́ bẹ́ẹ̀ kì í rántí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níwájú ẹ̀ dáadáa. Ó sì yéni: ọlọ́pàá kan ṣoṣo lo ní, o fi ṣọ́ ojú ẹ kí omijé má bọ́, ta ló wá máa ṣọ́ ohun tí wọ́n ń sọ? Ẹ̀rín tó o rín yẹn gan-an ló gba etí lọ́wọ́ ẹ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó máa ń jókòó sí kíláàsì pẹ̀lú ojú tó tutù minimini tí inú wọn sì ń hó bí omi orí iná, tí wọ́n á délé tí wọn ò ní rántí ẹ̀kọ́ kankan, nǹkan kan náà ló ń ṣe wọ́n, a wá máa ń pè wọ́n lọ́lẹ.

Wọ́n á ní "sùúrù ni baba ìwà". Mo gbà. Àmọ́ gbígbé mì kọ́ ni sùúrù. Onísùúrù mọ ohun tó ń ṣe òun, ó sì mọ ìgbà tóun máa sọ ọ́, ìyàtọ̀ ibẹ̀ nìyẹn. Ìwọ ò mọ̀, o kàn tì í sínú bí ẹni tó kó aṣọ ìdọ̀tí sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì nígbà tí àlejò ń kanlẹ̀kùn.

Èmi ń fẹ́ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lára ẹ láàárín ìgbà tí ọ̀gá dárúkọ ẹ sí ìgbà tó o sọ pé "ẹ ṣé sà". Kò lè ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá lọ. Etí ẹ gbóná àbí? Ọ̀fun ẹ há díẹ̀. Ọwọ́ tó o fi di bírò mú le sí i. O wo ojú tábìlì dípò kó o wo ojú ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn lo wá rẹ́rìn-ín. Mi ò sí níbẹ̀ o, ṣùgbọ́n mo ti gbọ́ ìtàn yìí lẹ́nu ọ̀pọ̀ èèyàn, bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Tó o bá sì wò ó dáadáa, àwa tó ń sọ Yorùbá ò yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí ṣòro fún wa tó bẹ́ẹ̀, torí èdè wa ti sọ ibi tó yẹ ká máa wò. Tá a bá ní "mo bínú", inú ló bí wa. Àyà ló ń já. Ojú ló ń tì. Orí ló ń wú. Ara ló ń bù máṣọ, ọkàn ni kì í balẹ̀, ara ló ń kan èèyàn. Gbogbo ẹ̀ pátá, ara ni wọ́n fi sí! A kàn ń sọ ọ́ lẹ́nu láì yẹ ibẹ̀ wò ni. Ojoojúmọ́ lò ń sọ pé àyà ẹ já, ṣùgbọ́n ìgbà wo lo fọwọ́ kan àyà náà kẹ́yìn kó o mọ̀ bóyá òótọ́ ló ń já àbí ikùn ló ń ṣe ẹ́.

Ohun tí mo sì fẹ́ kó o ronú lé lórí rèé: mi ò rò pé ìbínú ló kọ́kọ́ dé lọ́jọ́ yẹn. Ojú ló kọ́kọ́ tì ẹ́. Ẹni tínú ń bí máa ń wo ojú ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́, ìwọ wo tábìlì. Ẹni tínú ń bí fẹ́ fèsì, ìwọ fẹ́ kí ilẹ̀ lanu. Ìtìjú ló wọlé, o tì í mọ́nú, ìbínú wá jáde lọ́sàn-án bíi mẹ́gàádì tó ń ṣọ́ ọ. Kí ló wá kàn wá níbẹ̀? Ó kàn wá torí pé oògùn wọn kì í ṣe ọ̀kan. Tó bá jẹ́ pé wọ́n rẹ́ ẹ jẹ ni, wàá lọ tún ohun tó wọ́ ṣe. Tó bá jẹ́ ìtìjú, ohun tó ń wò ó ni kó o rí ẹnì kan ṣoṣo tó rí ọ nínú ìtìjú yẹn tí kò sì fojú kéré ẹ. Tó bá jẹ́ ẹ̀rù, àlàyé lo nílò: ṣé iṣẹ́ mi ń lọ ni àbí kò lọ? Tó bá jẹ́ pé ó rẹ̀ ẹ́ ni, lọ sùn. Ẹni tó bá ń fi oògùn ìbínú wo ìtìjú, ó di dandan kó wá ẹnì kan tó máa kéré sí i lọ́jọ́ yẹn. Ta ló sì kéré jù ní ọ́fíìsì yín? Ọmọ tó wá kọ́ṣẹ́.

Lọ́dún 2007, Matthew Lieberman àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ya àwòrán ọpọlọ àwọn èèyàn tó ń wo àwòrán ojú tó ń bínú àti ojú tẹ́rù ń bà. Nígbà táwọn èèyàn náà mú ọ̀rọ̀ tó ṣàpèjúwe ìmọ̀lára ojú yẹn, bíi "ìbínú", amygdala wọn, ìyẹn ẹ̀yà kékeré nínú ọpọlọ tó máa ń ké gbàjarè nígbà ewu, rọ̀ wọ̀ọ̀, apá iwájú ọpọlọ sì ṣiṣẹ́. Nígbà tó jẹ́ orúkọ èèyàn ni wọ́n fún ojú náà, kò rí bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ràn apá tó gbẹ̀yìn yẹn gan-an. Ọ̀rọ̀ tó bá nǹkan náà mu ló ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe ọ̀rọ̀ lásán. Ìdí nìyẹn tí "inú mi ò dùn" ò fi tó. Inú mi ò dùn, báwo? Ó dùn ẹ́ ni? Ó ká ẹ lára? Wọ́n rí ẹ fín? Wọ́n já ẹ kulẹ̀? Ó sú ẹ? Owú ń jẹ ẹ́? Ìkanra lásán ni, torí o ò tíì jẹun? Gbogbo ìwọ̀nyí lèdè wa ní, ká lò ó.

Ohun tí mo máa ń fún àwọn tó bá wá bá mi ṣe ò le. Lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, láàárọ̀, lọ́sàn-án, nírọ̀lẹ́, kọ ìlà kan sínú fóònù ẹ: ibo lára, ọ̀rọ̀ wo, kí ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹlẹ̀. Bí àpẹẹrẹ: "Èjìká le. Ìjákulẹ̀. Lẹ́kíṣọ̀ dá iṣẹ́ wa padà." Ó tán. Má ṣàlàyé, má dá ara ẹ lẹ́jọ́, má sì gbé e sórí status. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ máa dà bí ọ̀rọ̀ ọmọdé lójú ẹ. Tó bá fi máa tó ọ̀sẹ̀ kẹta, wàá ka gbogbo ẹ̀ padà, wàá rí ohun tí o ò retí, bóyá pé gbogbo ọjọ́ tó o ń kanra mọ́ èèyàn ló jẹ́ ọjọ́ tí kíláàsì alẹ́ pẹ́, tàbí pé ojú kì í tì ẹ́ nídìí iṣẹ́ àfi tí ẹnì kan báyìí bá wà níbẹ̀.

Ohun kejì ni ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá yẹn fúnra ẹ̀. Má ṣe ìlérí pé "màá máa ní sùúrù", irú ìlérí yẹn kì í rántí ara ẹ̀ nígbà tí etí bá ti gbóná. Peter Gollwitzer, onímọ̀ ará Jámánì, ti fi hàn pé ìpinnu tó bá ní "tí èyí bá ṣẹlẹ̀, màá ṣe tọ̀hún" máa ń ṣe é ṣe ju ìpinnu gbogbogbòò lọ, torí pé o ti yan ohun tó máa rán ẹ létí sílẹ̀ ṣáájú. Torí náà tìẹ lè rí báyìí: "Tí etí mi bá ti ń gbóná nínú mítìn, màá fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹlẹ̀, màá mí síta kó gùn, màá sì máa kọ ohun tí wọ́n ń sọ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ gan-an." Kíkọ yẹn ṣe pàtàkì, kì í ṣe àṣehàn o. Ọwọ́ ẹ ríṣẹ́ ṣe, ojú ẹ ríbi wò, ohun tí wọ́n sọ ò sì ní sọnù, ìgbà tó o bá kà á lálẹ́ ó lè yà ẹ́ lẹ́nu pé ohun tó o gbọ́ ni "o ò mọ nǹkan kan" nígbà tí ohun tí ọ̀gá sọ jẹ́ "iye ojú ewé kẹta ò bára mu".

Tí wọ́n bá dákẹ́ tí wọ́n ń retí èsì ẹ, o ò ní láti rẹ́rìn-ín, o ò sì ní láti jà. Sọ pé: "Mo ti gbọ́ yín sà. Mo fẹ́ kó yé mi dáadáa, ṣé mo lè rí yín fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́yìn mítìn?" Nígbà tẹ́ ẹ bá wá ku ẹ̀yin méjì, sọ ìyókù. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ bí mo ṣe máa sọ ọ́ ká ní èmi ni, kó o tún un ṣe bó ṣe bá ẹnu ẹ mu: "Sà, òótọ́ ni pé àṣìṣe wà níbẹ̀, mo ti tún un ṣe. Ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ yín ni pé tí irú ẹ̀ bá tún ṣẹlẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ pè mí sí kọ̀rọ̀. Nígbà tẹ́ ẹ sọ ọ́ lójú gbogbo wa, ojú tì mí débi pé mi ò gbọ́ ìyókù ohun tẹ́ ẹ sọ mọ́." Wo bí mo ṣe tò ó. Mo kọ́kọ́ gba tèmi, kí ó má bàa rò pé mo wá jà. Mo sọ ohun tí mo fẹ́. Mo wá sọ ohun tó ṣe sí mi, mo sì fi han òun náà pé iṣẹ́ ló ń pàdánù síbẹ̀. Kò sí "ẹ̀yin náà ẹ máa ń", kò sí "gbogbo ìgbà". Gbólóhùn méjì yẹn ló máa ń sọ ẹ̀bẹ̀ di ẹjọ́.

Gross tún ní ọ̀nà mìíràn tó ya ti gbígbé mì sọ́tọ̀, ìyẹn ni kéèyàn yí bó ṣe ń wo ọ̀ràn padà kí ìmọ̀lára tó gbilẹ̀, kì í ṣe lẹ́yìn tó ti kún inú. "Ó kórìíra mi" lè di "ọ̀gá tiẹ̀ ló ń retí ìwé yẹn kí ọjọ́ tó rọ̀". Ìyẹn máa ń ṣiṣẹ́, kò sì ní fi ara pọ́n ẹ bíi ti pípa ojú mọ́. Àmọ́ ṣọ́ra o. Tó bá jẹ́ pé ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ló ń ṣe é, tó sì jẹ́ pé ìwọ nìkan ló ń ṣe é sí, o ò ń yí ojú ìwòye padà mọ́, ara ẹ lò ń tàn.

Ti iléèwé yá jù ú lọ. Ẹnu tó ń wúwo yẹn, ọ̀pọ̀ èèyàn á sọ fún ẹ pé kó o fọkàn balẹ̀, ìmọ̀ràn tó burú jù nìyẹn. Lọ́dún 2014, Alison Wood Brooks, ní Yunifásítì Harvard, ní káwọn èèyàn ṣe ohun tó ń kó àyà sókè: orin kíkọ, ọ̀rọ̀ sísọ níwájú èèyàn, ìṣirò. Àwọn tó kọ́kọ́ sọ fún ara wọn pé ara àwọn yá ṣe dáadáa ju àwọn tó ní ọkàn àwọn balẹ̀. Láti ìjayà dé ìfọ̀kànbalẹ̀, ọ̀nà jìn, nítorí ara ti wà lókè. Láti ìjayà dé ara yíyá, ẹnu ọ̀nà kejì ni, ìró ọkàn kan náà ni méjèèjì ń lù. Torí náà tó bá kù díẹ̀ kí wọ́n pè ẹ́, má ní "àyà mi ń já", sọ pé "ara mi yá", sọ ọ́ síta jẹ́jẹ́ kí etí ẹ gbọ́. Kó o sì mọ gbólóhùn méjì àkọ́kọ́ sórí bí ẹni mọ orúkọ ara ẹ̀, torí pé ibẹ̀ ni ẹnu ti ń wúwo, tó bá ti kọjá ibẹ̀ ó máa ń ṣí. Àtipé má dúró de ọjọ́ ńlá. Bi ìbéèrè kékeré kan nínú kíláàsì kọ̀ọ̀kan, ní ìbẹ̀rẹ̀, kí àyà tó ráyè bẹ̀rẹ̀ ìṣirò. Ohun téèyàn bá ń sá fún ló máa ń ga sí i.

Ṣé wọ́n ń bí i mọ́ni? Apá kan wà tí wọ́n bí mọ́ni, n ò ní parọ́ fún ẹ. Àwọn ọmọ kan wà tó jẹ́ pé láti kékeré ni nǹkan ti máa ń tètè wọ̀ wọ́n lára. Àmọ́ ohun téèyàn ń ṣe sí i, ẹ̀kọ́ ni. Lọ́dún 2011, Joseph Durlak àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ kó àbájáde ètò 213 jọ, ètò tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọmọ iléèwé ní irú ẹ̀kọ́ yìí, láti jẹ́léósinmi dé girama, àwọn ọmọ náà ju 270,000 lọ. Àwọn tí wọ́n kọ́ mọ bá èèyàn gbé ju àwọn tí wọn ò kọ́ lọ, ìwé wọn pàápàá sì gbé pẹ́ẹ́lí, ó fi ipò 11 nínú 100 sún sókè. Ní 2020, Carolyn MacCann àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ wo ìwádìí tó kó akẹ́kọ̀ọ́ tó lé ní 42,000 jọ, wọ́n rí i pé ẹni tó bá lóye ìmọ̀lára máa ń gba máàkì tó dáa jù díẹ̀. Díẹ̀ ni mo sọ o. Ọpọlọ pípé àti ìtẹramọ́ṣẹ́ ṣì wà níwájú ẹ̀. Tí ẹnì kan bá ń tà ẹ́ ní kọ́ọ̀sì pé òun máa fi EQ sọ ẹ́ di ẹlòmíì láàárín ọjọ́ méje, di àpò ẹ mú.

Ó ku ohun kan tí mo gbọ́dọ̀ sọ, kó má bàa dà bíi pé gbogbo ẹrù náà orí ẹ ni mo gbé e lé. Lọ́dún 1983, Arlie Hochschild kọ̀wé nípa àwọn òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀ òfuurufú tó jẹ́ pé ẹ̀rín wọn náà wà lára iṣẹ́ tí wọ́n ń gbowó ẹ̀, ó fi hàn pé ẹ̀rín àfipáṣe máa ń jẹ èèyàn run nínú. Nígbà tó dọdún 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé burnout, kó rẹ èèyàn tẹnutẹnu nídìí iṣẹ́, wá látinú wàhálà ibi iṣẹ́ tó ti pẹ́ tí wọn ò bójú tó. Ibi iṣẹ́, wọ́n sọ bẹ́ẹ̀. Amy Edmondson náà ti fi hàn láti 1999 pé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tí ẹ̀rù ò bà láti jẹ́wọ́ àṣìṣe lójú ara wọn ló máa ń kọ́ ẹ̀kọ́ jù. Ọ̀gá tó ń dójú ti èèyàn ní gbangba, iṣẹ́ ara ẹ̀ ló ń bà jẹ́, torí láti ọjọ́ yẹn lọ ńṣe ni gbogbo yín á máa fi àṣìṣe pamọ́ fún un. Inú máa ń bí mi (inú mi gan-an, ní abẹ́ egungun ìhà ọ̀tún) tí mo bá gbọ́ tí wọ́n ń fi EQ pa òṣìṣẹ́ lẹ́nu mọ́: ìyà ń jẹ ẹ́, wọ́n ní kó o lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbà á. Tó o bá ti bá ọ̀gá yìí sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì bí mo ṣe kọ ọ́ sókè yẹn tí kò yí padà, má wá àléébù kiri ara ẹ mọ́, máa wá iṣẹ́ mìíràn ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Oorun ńkọ́? O ní o ń ṣiṣẹ́ lójúmọmọ, o tún ń kàwé nírọ̀lẹ́, o ò sọ iye wákàtí tó o fi ń sùn, mo sì ń fura. Lọ́dún 2007, ìwádìí kan fi hàn pé tí èèyàn ò bá sùn mọ́jú, amygdala ẹ̀ máa ń fò sókè sí àwòrán burúkú ju ti ẹni tó sùn lọ ní nǹkan bí 60 nínú 100. Èmi fúnra mi, lálẹ́ ọjọ́ kan tó ti rẹ̀ mí tẹnutẹnu, mo kọ ímeèlì olójú ewé méjì sí ẹni tá a jọ ń ṣiṣẹ́, mo sì fi ránṣẹ́ sí gbogbo ọ́fíìsì mọ́ ọn. Ó dùn mọ́ mi nínú fún bí ìṣẹ́jú mẹ́rin. Nígbà tílẹ̀ mọ́ tí mo kà á, ara mi bù máṣọ, ẹ̀sùn mẹ́ta nínú márùn-ún tí mo kọ ni kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Láti ìgbà yẹn, tó bá ti kọjá aago mẹ́sàn-án alẹ́, mo lè kọ ohun tó wù mí, ṣùgbọ́n mi ò ní fi orúkọ ẹnikẹ́ni síbi orúkọ ẹni tó máa gbà á, kí ọwọ́ mi má bàa yá ju orí mi lọ.

Tó bá wá jẹ́ pé o ò lè sùn rárá, tàbí ẹkún ń gbọ̀n ẹ́ láìnídìí, tàbí o ò fẹ́ rí èèyàn sójú mọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ EQ mọ́, lọ rí dókítà.

Ní ti ọmọ tó wá kọ́ṣẹ́, lọ bá a. Lọ́la. Má pè é sí gbangba láti tọrọ àforíjì kí àwọn yòókù lè rí i pé onírẹ̀lẹ̀ ni ẹ́, má sì ra nǹkan fún un bíi pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé lójú àwọn kan lo ti jágbe mọ́ ọn, jẹ́ kí àwọn yẹn náà gbọ́ nígbà tó bá yá pé ìbéèrè ẹ̀ dáa. Sọ fún un pé: "Mo jágbe mọ́ ẹ lọ́jọ́ yẹn. O ò ṣẹ̀ mí. Nǹkan kan ti ṣẹlẹ̀ sí mi láàárọ̀, mo wá gbé e bọ̀ wá sọ́dọ̀ ẹ, kò sì yẹ bẹ́ẹ̀. Máa bi mí ní ìbéèrè." Má fi "ṣùgbọ́n" kankan sí i. Má ṣàlàyé ohun tí ọ̀gá ṣe fún un, ẹrù yẹn ò kàn án. Kó o wá dákẹ́. Ó lè ní "kò sí wàhálà mà" kó má sì wo ojú ẹ, jẹ́ kó lọ, má fipá gba ìdáríjì lọ́wọ́ ẹ̀ torí kí ọkàn ìwọ lè balẹ̀. Ọjọ́ tó bá tún wá bi ẹ́ ní ìbéèrè kékeré míì lo máa mọ̀ bóyá ó gbà ẹ́ gbọ́, ó lè gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Lọ́jọ́ náà, gbé ohun tó wà lọ́wọ́ ẹ sílẹ̀, kó o yíjú sí i.